Ẹ Fún Wọn Lówó Kí Àgbàdo Tó Gbó

Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ fún tálákà tún ti gba ìgboro kan, ohun kan náà la sì ń gbọ́: "Iṣẹ́ ni kí ẹ fún wọn, ẹ má fún wọn lówó." "Owó ọ̀fẹ́ á sọ wọ́n di ọ̀lẹ." "Ẹ pín ìrẹsì, ọtí ni wọ́n máa fi owó mu." Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn fúnra wọn sì ń fowó ránṣẹ́ sílé. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní London tàbí Houston. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é láti abúlé pé nǹkan ò rọgbọ, ṣé àpò ìrẹsì ló máa dì sínú ọkọ̀ òfuurufú? Ṣé ó máa ní kí ìyá òun kọ́kọ́ lọ jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan kí wọ́n lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń náwó? Owó ló máa fi ránṣẹ́, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, á ti wọ àkáǹtì. A kì í pe ìyẹn ní ohun tó ń sọni di ọ̀lẹ. Ó di ìgbà tó bá kan ìyá ẹlòmíràn ká tó rántí ọ̀lẹ.

Èmi gbà pé owó ló yẹ ká fún ìdílé tálákà tó wà lóko, owó gan-an, sí ọwọ́ tiwọn. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ ká jọ wò ni ìgbà tí owó náà ń dé, àti bóyá gbogbo rẹ̀ ló dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ó ń kán tó, tó, tó. Ibẹ̀ ni ayé ìdílé náà ti ń yí padà tàbí kó má yí padà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ní Abuja kì í wò.

Ẹni tí kò gbé oko rí á rò pé ohun tó ń jẹ́ ìṣẹ́ lábúlé ni pé oúnjẹ ò sí. Oúnjẹ wà. Ìgbà ni kò bára mu. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin. Àgbẹ̀ á ṣán oko, á ra irúgbìn, á san owó lébìrà, á wá ajílẹ̀ bó bá lè rí i rà. Láti oṣù karùn-ún títí àgbàdo tuntun fi máa jáde, ti èṣí ti tán nílé, owó ọwọ́ sì ti wọlẹ̀ tán pátápátá. Ìgbà yẹn gan-an ni ibà máa ń mú àwọn ọmọ, torí òjò, torí ẹ̀fọn. Ẹlòmíràn á gbọ̀nà ilé olówó èlé lọ, á gba owó sọ́gùndógójì. Ẹlòmíràn á ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀ nígbà tó ṣì kù oṣù mélòó kan kó tó gbó, ẹni tó fẹ́ rà á ló sì máa dá iye tó wù ú lé e. Àwọn tó ní kòkó á fi oko dógò. Àwọn ìdílé kan wà tí oko bàbá wọn ti wà lọ́wọ́ ẹni tó yá wọn lówó tipẹ́tipẹ́, ẹni yẹn ń ká kòkó lọ́dọọdún, gbèsè ò sì dín ní kọ́bọ̀.

Bí àgbàdo bá wá gbẹ ní oṣù kẹjọ, gbogbo abúlé ló ń tà lẹ́ẹ̀kan náà. Dandan ni fún wọn: iléèwé ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án, olówó èlé náà sì ti ń rìn wá rìn lọ níwájú ilé. Ọjà á kún, owó á já wálẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ta àgbàdo ló tún máa gbé abọ́ lọ ra àgbàdo jẹ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà rí i pé owó àgbàdo máa ń fi ìdá 25 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ìgbà ìkórè àti ìgbà tí oúnjẹ wọ́n. Ẹni tó lè dúró ló ni èrè yẹn. Tálákà ò lè dúró.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Mo júbà, àmọ́ ti àgbẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ebi lè kúrò lónìí kí ìṣẹ́ ṣì fìdí kalẹ̀ sílé, torí àgbàdo tó yẹ kó mú un jáde nínú ìṣẹ́ gan-an ló tà lówó pọ́ọ́kú láti fi lé ebi lọ.

Mo ní ìbátan kan lọ́dọ̀ ìyá mi, obìnrin ni, ó ń gbé abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Lọ́dọọdún, bó bá ti ṣẹ́ àgbàdo tán, alágbàtà kan á gbé bọ́ọ̀sì wá láti ìlú pẹ̀lú kóńgò tiẹ̀, kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí tó fi yọ ikùn síta. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé kóńgò yẹn tóbi ju kóńgò lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Àbúrò obìnrin náà tó wà ní Manchester máa ń fi owó díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, owó náà á sì parí sórí epo, iyọ̀ àti oògùn ibà. Ó wá di ọdún kan, àbúrò ní owó tí wọ́n ń yọ lórí ìfiránṣẹ́ ti ń pọ̀ jù, ó kó ti ọdún náà jọ, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí oṣù keje. Kò fi owó kún un o. Ìyá san owó iléèwé ọmọ méjì kí iléèwé tó wọlé, ó san gbèsè, ó ra páànù díẹ̀ fi rọ́pò èyí tó ti jò. Nígbà tí alágbàtà dé, ó jókòó síwájú ilé bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n." Ìyá ní, "Mi ò tíì ṣe tán." Ọkùnrin náà rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó fi owó lé e. Ìyá ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun, kó sì mú kóńgò míì dání.

Gbólóhùn yẹn, "mi ò tíì ṣe tán," ni mo gbà pé owó ń rà fún tálákà. Mi ò rí àpò ìrẹsì tó lè rà á.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìbátan mi, kí ẹ má baà ní mo ń fi ẹnì kan ṣe ẹlẹ́rìí. Ní Siaya, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà kan náà, àjọ kan tó ń jẹ́ GiveDirectly fún ìdílé tó lé ní 10,000 ní nǹkan bí 1,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín 2014 sí 2017. Wọn ò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ oníkoríko lórí ló ń gbà á. Owó náà kò wọ ọwọ́ alága kankan, orí fóònù ló ń gbà dé, lórí M-Pesa tí àwọn ará Kẹ́ńyà ti ń lò láti 2007. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, Edward Miguel, Paul Niehaus àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi abúlé tó gbà á wé èyí tí kò tíì gbà á, àpapọ̀ 653. Ohun tí wọ́n rí ni pé dọ́là kan tó wọ àdúgbò náà di nǹkan bíi dọ́là méjì ààbọ̀ nínú ọrọ̀ ajé ibẹ̀. Ẹni tó gbowó pe káfíńtà, káfíńtà ra ẹran, alápatà ran ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀rù tó sì ń bà gbogbo wa, pé owó á mú kí ọjà wọ́n, kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: iye ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà.

Mi ò ní parọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbi gbogbo. Ní àwọn abúlé kan tó jìnnà gan-an ní Philippines, owó ìrànwọ́ mú kí ẹyin wọ́n, àwọn ọmọ ìdílé tí kò rí nǹkan gbà ló sì fara gbá a. Ibi tí ọ̀nà ò dáa, tí mọ́tò ọlọ́jà ò lè wọ̀, ẹ fura.

Ti ọtí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń dúró de ibẹ̀. David Evans àti Anna Popova ti Báńkì Àgbáyé kó ìwádìí mọ́kàndínlógún jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọn ò rí i pé owó ìrànwọ́ ń mú kí àwọn èèyàn ra ọtí tàbí tábà sí i. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro fún mi láti gbà. Ẹni tó ń mu ogógóró lábúlé ti ń mu ún kí owó yín tó dé, àwìn ló fi ń mu ún.

Àmọ́ ìwádìí tó mú mi jókòó sídìí ọ̀rọ̀ ìgbà yìí ni èyí tó jáde ní 2025 láti Siaya kan náà. Wọ́n padà lọ ka ọmọ tó kú àti èyí tó yè. Ní ìdílé tó gbowó, ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì! Kì í ṣe oògùn kankan ni wọ́n fún wọn. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ jù ni ibi tí owó ti dé nígbà tí ọmọ fẹ́ wáyé tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé. Obìnrin tó lóyún oṣù kẹjọ ò tún lọ fi ikùn ru igi mọ́, ó ní owó mọ́tò, ó ní owó tí ilé ìwòsàn máa bi í. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwa tó ń gbè sẹ́yìn owó kò fẹ́ràn láti máa sọ: ẹni tí ilé ìwòsàn tó ní dókítà wà nítòsí rẹ̀ ló jàǹfààní náà jù. Owó ò lè gbé mọ́tò lọ síbi tí kò sí dókítà. Torí náà kí ìjọba kankan má fi owó ìrànwọ́ bojú kó pa ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tì o.

Ẹ wá wo tiwa. Ní ìparí 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn ìdílé tálákà, Ọ̀yọ́, Ògùn, Èkìtì àti Kwara sì wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Oṣù méjì méjì ni wọ́n ń san án, 10,000. Láti 2018, owó tí Abacha jí kó, tí Switzerland dá padà, ohun tó lé ní 320 mílíọ̀nù dọ́là, ni wọ́n ń mú lò níbẹ̀. (Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí èyí: ìyá àgbà kan lóko ń fi owó Abacha ra elùbọ́.) Kò burú. Àmọ́ 10,000 lẹ́yìn oṣù méjì méjì, tó sì tún ń pẹ́ kó tó dé, ikùn ló ń lọ. Kò lè gba oko tó wà ní ìdógò.

Ní 2023, lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù lọ, ìjọba kọ́kọ́ ní 8,000 náírà lóṣù fún oṣù mẹ́fà. Ariwo sọ. Wọ́n wá sọ ọ́ di 25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún ìdílé mílíọ̀nù 15. Iye yẹn pé 75,000. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi nígbà náà pé ká ní ó dé pọ̀ ní oṣù keje, àgbẹ̀ kan lè fi dúró. Oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti ta àgbàdo tán. Nígbà tó di oṣù kìíní 2024, ìjọba dá ètò náà dúró nítorí ẹ̀sùn owó tó yà sọ́nà ibòmíràn ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Nígbà tí wọ́n fi máa tún bẹ̀rẹ̀, náírà ti di nǹkan mìíràn.

Ní ti ìrẹsì, ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù kẹwàá 2020? Àwọn èèyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza nílùú Èkó àti láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n bá oúnjẹ Kòrónà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pín nínú ibẹ̀, àpò lórí àpò. Oúnjẹ ní ilé tí wọ́n ń kó o pa mọ́ sí, ó ní mọ́tò tó ń gbé e, ó ní ẹni tó ń tẹ àwòrán olóṣèlú sí i lára. Gbogbo wọn ló ń jẹ nínú rẹ̀ kó tó kan ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á.

Bí ẹ bá ní owó náà ń sọnù, òótọ́ ni. GiveDirectly fúnra wọn pàdánù nǹkan bí 900,000 dọ́là lórílẹ̀-èdè Kóńgò nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kan gbìmọ̀ pọ̀ jí i láti inú fóònù àwọn tó ni ín. Àwọn fúnra wọn ló jáde wá sọ ọ́ ní 2023. Èmi ò tíì gbọ́ ìpínlẹ̀ kan níbí tó jáde wá sọ iye kóńgò ìrẹsì tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tó ti ń jò ò tíì dé orí fóònù rárá, orí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló ti ń jò. Ta ló kọ orúkọ? Ọmọ ẹgbẹ́ ta ni? Ẹni tí kò ní nọ́ńbà NIN ńkọ́? Bó bá tún já gbogbo ìyẹn, ó di dandan kó gun ọ̀kadà lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe POS, kí oní-POS yọ tiẹ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ pé kó padà wá lọ́la.

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ní Tógò, tí àwọn Ifẹ̀ ará Atakpamé tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa wà, ìjọba dá ètò owó ìrànwọ́ kan tó ń jẹ́ Novissi sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2020. Èèyàn á tẹ nọ́ńbà kan lórí fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò sí i, owó á sì balẹ̀ sórí fóònù náà. Ní Lomé nígbà náà, obìnrin ń gba 12,250 owó sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un dé abúlé, wọ́n fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè àti bí àwọn èèyàn ṣe ń lo fóònù mọ ibi tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Kò sí alága wọ́ọ̀dù láàárín. Bí wọ́n ṣe fi owó obìnrin ṣáájú dùn mọ́ mi, torí owó tó bá gba ọwọ́ ìyá wọlé, àwọn ọmọ máa ń rí i lórí abọ́ wọn.

Ṣé gbogbo èèyàn ló yẹ kí owó rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Rárá. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ Owó Arúgbó ní 2011: 5,000 náírà lóṣù fún ẹni tó ti pé ọdún 65 tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù nígbà yẹn jẹ́ 18,000, ẹ fi wé e. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ fi hàn pé ara àwọn àgbàlagbà náà yá sí i, ọkàn wọn sì balẹ̀ sí i. Àìlówó lọ́wọ́ ni baba ìjayà, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa tipẹ́. Arúgbó tí kò lè ro oko mọ́, oṣooṣù ló bá a mu, kó mọ̀ pé ọjọ́ báyìí, òun ò ní tọrọ owó iyọ̀ lọ́wọ́ aya ọmọ òun. Ibi tí wọ́n ti ṣe é ní èérí ni pé nígbà tí ìjọba yí padà, owó náà dáwọ́ dúró. Ẹni tí ẹ fún lówó tí ẹ sì gbà á padà láìsọ fún un, ẹ ti ba ìṣírò rẹ̀ jẹ́ ju ẹni tí ẹ ò fún rí lọ.

Àgbẹ̀ yàtọ̀. Ní Rarieda, ní Siaya kan náà, àwọn tó gba tiwọn lóṣooṣù jẹun dáadáa sí i, àwọn tó gbà á lẹ́ẹ̀kan ló ra nǹkan tó wà lọ títí, páànù àti ẹran ọ̀sìn. Ní àwọn abúlé Kẹ́ńyà mìíràn tí wọ́n ti ṣètò láti máa san owó lóṣooṣù fún ọdún 12, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n dá èsúsú. Wọ́n gba owó wẹ́wẹ́ tí òyìnbó ṣètò fún wọn, wọ́n sọ ọ́ di owó ńlá fúnra wọn. Kí ló dé tí a ò kúkú san án ní odindi láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì dé ní oṣù keje, kí alágbàtà tó gbé bọ́ọ̀sì dé? Ẹ lẹ orúkọ àwọn tó gbà á mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ààfin, kí abúlé fúnra rẹ̀ sọ ẹni tí kò yẹ. Ẹ fi í sórúkọ ìyá ilé. Kí ẹ sì lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní òun mọ ìdílé tó fi tiwọn ra aṣọ ẹbí. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ń sìnkú lábúlé, wọ́n ń sọmọ lórúkọ, ẹni tí kò bá sì bá wọn dá sí i, bí oko tiẹ̀ bá jóná lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó máa bá a gbé omi. Ìyẹn náà wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣírò kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Èyí tí èmi rà lọ́dún yìí wà nínú àpótí, mi ò tíì rí ẹni tó ní kí n wá ṣàlàyé.